Bí mo ṣe fi wáàtì yan àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà géèmù fún àbúrò mi

Kí n tó fi ẹsẹ̀ kan Computer Village ní Ìkẹjà láti ra ẹ̀yà kankan, ìdí ínfátà ilé wa ni mo kọ́kọ́ lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ti bẹ̀ mí pé kí n bá òun to kọ̀ǹpútà tí òun yóò máa fi gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, tí òun yóò sì máa fi ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ọdún kan àbọ̀ ni ó fi tọ́jú owó náà, kò sì sí àyè àṣìṣe nínú rẹ̀. Ní Agége tí a ń gbé, iná ìjọba kì í pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ náà máa ń rí àyè ṣeré. Kọ̀ǹpútà tí bátìrì wa kò bá lè gbé kò wúlò fún un, bó ti wù kó yára tó.

Bátìrì kan ṣoṣo ni ínfátà wa ní, ti 12V, 220Ah. Bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀, a ó rí wáàtì-wákàtí 2,640, ṣùgbọ́n irú bátìrì olómi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé bí a bá ń fà á kọjá ìdajì, nítorí náà 1,320 ni mo kà sí tiwa. Mo wá pinnu pé gbogbo kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fa ju nǹkan bí wáàtì 270 lọ nígbà tí eré bá ń lọ. Bí a bá fi èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un, yóò súnmọ́ 300, wákàtí mẹ́rin sì ni bátìrì yóò fi gbé e. Orí ìṣirò yìí ni mo gbé gbogbo ohun tí mo rà kà.

Graphics card, èyí tí ó ń ya àwòrán eré sójú ẹ̀rọ, ni ó gba owó àti àkókò mi jù. Nínú kọ̀ǹpútà géèmù olówó pọ́ọ́kú, òun ni ó yẹ kí ó gba ìpín tó pọ̀ jù nínú owó, nítorí pé bí ó bá rọ, kò sí ohun tí àwọn yòókù lè ṣe sí i. Tòkunbọ̀ RX 580 tí ó jáde ní ọdún 2017 ni ó pọ̀ jù lórí tábìlì àwọn ọlọ́jà, owó rẹ̀ sì fani mọ́ra. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, 8GB ni, ẹ fọkàn balẹ̀, kò lábùkù kankan.” Mo ní kí ó jọ̀ọ́ bá mi tan án, mo sì ki flash tí mo mú láti ilé bọ ẹ̀rọ rẹ̀ láti fi ètò GPU-Z wò ó. Ẹ̀yà ìṣirò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní shader tó 2,304 nínú RX 580 gidi, ṣùgbọ́n 2,048 ni èyí fi hàn: irú tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ti RX 570 lọ. Mo gbà pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọ̀, nítorí orúkọ kan náà ni ó wà lára páálí. Síbẹ̀, RX 580 gidi pàápàá ń fa wáàtì 185. Ìdí nìyí tí mo fi ṣọ́wó jọ lórí àwọn nǹkan mìíràn, tí mo sì ra tòkunbọ̀ RX 6600, tí ó jáde ní ọdún 2021, tí ó ní 8GB, tí kò fa ju 132 lọ, tí ó sì fi RX 580 sílẹ̀ sẹ́yìn dáadáa lórí ojú ẹ̀rọ 1080p.

Ní ti processor, èyí tí ó ń ṣe ìṣirò gbogbo kọ̀ǹpútà, Ryzen 5 5600 ni mo mú: ọpọlọ (core) mẹ́fà, wáàtì 65. Mo kọ́kọ́ ro ti 5600G, nítorí pé ó ní ẹ̀yà tí ń ya àwòrán nínú ara rẹ̀, kò sì nílò graphics card kí ó tó lè tàn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì pé lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n 16MB ni cache rẹ̀, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré tó yára gan-an nínú processor, nígbà tí ti 5600 jẹ́ 32MB, àwọn eré sì ń jàǹfààní ìyàtọ̀ náà.

Motherboard B450 tòkunbọ̀, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́, ni mo so ó mọ́. Irú yìí ti wà láti ọdún 2018, kí processor náà tó jáde, nítorí náà mo ní kí ọlọ́jà sọ BIOS rẹ̀, ètò tí ó ń jí kọ̀ǹpútà, di tuntun níṣojú mi kí n tó sanwó. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe é nílé, nítorí pé bí BIOS bá ti pẹ́ jù, ojú ẹ̀rọ kò ní tàn rárá. Fún RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ẹyọ 8GB méjì ni mo rà dípò ẹyọ 16GB kan, kí processor lè máa gba ọ̀nà méjì kàwé lẹ́ẹ̀kan náà. SSD 1TB tuntun ni mo fi ṣe ibi ìpamọ́.

Power pack, èyí tí ó ń pín iná fún àwọn ẹ̀yà, ni mo kọ̀ láti ra ní tòkunbọ̀. Mo gbé ọ̀kan tí wọ́n kọ 600W sí lára, ó fúyẹ́ bí páálí òfìfo, mo sì dá a padà. Òjúlówó 550W oní-80 Plus Bronze, àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, ni mo rà, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n bí power pack bá jóná, ó lè mú motherboard àti graphics card lọ. Casing tí iwájú rẹ̀ lu bí asẹ́ ni mo yàn nítorí ooru, mo sì kìlọ̀ fún àbúrò mi pé kí ó máa gbọn eruku rẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́.

A to gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan. RAM rọra ń sáré ní 2133 títí mo fi wọ inú BIOS tí mo tan XMP, ètò tí ó ń jẹ́ kí RAM sáré tó bí wọ́n ṣe ṣe é, ó sì bọ́ sí 3200. Ohun kan ṣoṣo tí ó dà mí láàmú ni pé ní gbogbo ìgbà tí iná ìjọba bá lọ, kọ̀ǹpútà náà yóò kú, yóò sì tún ara rẹ̀ tàn. Mo ti fẹ́ dá power pack lẹ́bi kí n tó rántí pé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ méjì ni ínfátà wa ní. Ti ilé lásán, tí a ti ń lò láti ìgbà tí a ti rà á, ń pẹ́ tó nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 20 kí ó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ìjọba, power pack kò sì lè dá dúró tó bẹ́ẹ̀. Mo yí i sí UPS, tí kì í gbà ju nǹkan bí 10 lọ. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ náà iná lọ, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, bọ́ọ̀lù tí àbúrò mi ń gbá lọ́wọ́ kò sì dúró.