Ta ló ni igbó, ta ló ń ṣọ́ ọ? Bí mo ṣe to máàpù ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọ́lé sí

Iṣẹ́ tí mo gbé lé ara mi lọ́wọ́ ni pé kí n wá gbogbo igbó, ọgbà àti ààyè gbangba tí òfin tàbí àṣà dá sí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, kí n sì kó wọn sórí máàpù kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ á lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó fẹ́ jà fún igbó àdúgbò rẹ̀ náà á rí nǹkan dì mú.

Ibi tó rọrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Orí ìkànnì Protected Planet ni UNEP-WCMC àti IUCN, àwọn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àyíká, ń kó ààlà irú ibi bẹ́ẹ̀ jọ sí kárí ayé. Mo gbé fáìlì wọn sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, tí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Àwọn tó tóbi jáde lójú ẹsẹ̀: Old Oyo National Park, 251,200 hẹ́kítà, àti igbó ọba (igbó tí ìjọba dá sí) Omo ní ìhà Ìjẹ̀bú, 130,500 hẹ́kítà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ló ní ààlà nínú irú fáìlì yẹn. Àmì kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n fi dúró fún àwọn mìíràn. Irú wọn ló máa gbé ọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti wá gàsẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, o ò sì ní ṣaláì gbọ́ "ẹ padà wá lọ́la".

Tí máàpù àtijọ́ bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ka ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀ kí o tó lò ó. Minna ni ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí àwọn awọnlẹ̀ wa ti ń lò tipẹ́. WGS84 ni ti GPS inú fóònù. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ láìyí wọn padà, ààlà rẹ̀ á yẹ̀ ní bíi 100 mítà. Nínú igbó Omo, ta ló máa mọ̀? Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí kò ju 75 hẹ́kítà lọ, 100 mítà tó láti sọ pálọ̀ onílé di igbó òrìṣà. EPSG 26331, nọ́ńbà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń dá ìwọ̀n máàpù mọ̀, ni mo yàn fún máàpù Minna tó wà ní UTM 31, ìpín ayé tí ìpínlẹ̀ mẹ́ta náà wà nínú rẹ̀; QGIS ló bá mi yí ìyókù.

Yíya ààlà kọ́ ló gba ọpọlọ, àkọsílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan ni. "Ti ìjọba àbí ti aládàáni" kò tó ìbéèrè. Ta ló ni ilẹ̀? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Ta ló lè wọ ibẹ̀? Igbó IITA ní Ìbàdàn, tó tó 350 hẹ́kítà, kì í ṣe igbó ọba, inú ọgbà ilé iṣẹ́ ìwádìí ló wà, síbẹ̀ igi rẹ̀ dúró. Omo di igbó ọba láti 1925, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ohun abẹ̀mí (biosphere reserve) ní 1977, àmọ́ oko kòkó wà nínú rẹ̀. Ti Òṣogbo tún yàtọ̀: òfin fi í sọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àṣà fi í sọ́wọ́ Àtáọ́ja àti àwọn olórìṣà. Tí mo bá kọ "ìjọba" nìkan síbẹ̀, irọ́ ni.

Mo tún fi ìbéèrè kẹrin kún un: kí ló dè é, ìyẹn, kí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀? Nítorí lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, gómìnà lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀) pàápàá tí ìlú bá nílò rẹ̀. Ọgbà tí olówó kan fẹ́ràn, tí kò sí ìwé kankan lẹ́yìn rẹ̀, mi ò kà á mọ́ ibi tí a dá sí.

Níbòmíràn, èèwọ̀ ló dè é. Igbó orò àti igbàlẹ̀ kò sí nínú fáìlì ẹnikẹ́ni. Pèrègún ni òkúta ààlà wọn. Bàbá kan sọ fún mi pé, "Kọ ọ́ pé igbó wà. Má kọ ibi tó wà." Mo gbà fún un. Iye wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ, mi ò fi àmì kankan sórí máàpù.

Ọjọ́ tí mo yẹ ibi kọ̀ọ̀kan wò ló kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ náà. Ibi tí mi ò tíì dé, mo fi ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo, mo sì kùn ún láwọ̀ eérú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti fojú rí i.