Bẹ́ ẹ ṣe máa tún yàrá àti ara yín ṣe kẹ́ ẹ tó lọ síbi ìdíje géèmù

Ẹni tó bá ti ń jókòó sí sọ́ọ̀bù géèmù ní Mayfair tàbí Lagere n'Ílé-Ifẹ̀ á mọ irú àwọn ọmọ tí mò ń sọ, ọwọ́ wọn yá gan-an, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìdíje géèmù bọ́ọ̀lù wọ́n á na wọ́n ní mẹ́rin sódo, wọ́n á ní pádì tí wọ́n fi ń ta á ló bàjẹ́. Pádì wo? Ooru ni, àga ni, oorun tí wọn ò sùn ni.

Ti ìjókòó ò le. Ẹ wá àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì tẹlẹ̀, kí òkè TV ṣe déédéé ojú yín, ó parí. Àga oníke lásán náà dáa, ẹ ká pílò sẹ́yìn ìdí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mi ò fẹ́, ọrùn á ti máa ro yín kí géèmù kejì tó parí.

TV ló kàn. Ẹ wọ sẹ́tíǹsì rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Game Mode sí, ẹ tàn án. Tí ò bá sí lórí ẹ̀, ṣe ni TV á kọ́kọ́ máa lé tíróò fún àwòrán kó tó gbé e jáde, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ á wá pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i. Géèmù tó bá ń gbé àwòrán 60 jáde ní sẹ́kọ́ǹdì kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan ò ju bíi mílísẹ́kọ́ńdì 17 lọ, TV tó bá sì ń jáfara lè jẹ mẹ́ta nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta á ti gbá bọ́ọ̀lù. Mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ni èmi fẹ́ràn ju TV ńlá lọ, ó rọ̀ lówó, kì í sábà jáfara. Wáyà ni kẹ́ ẹ fi so pádì mọ́ ẹ̀rọ géèmù tó bá ṣeé ṣe. Lórí PS4, ẹ lọ sí Settings, Devices, Controllers, ẹ yí Communication Method sí USB, kẹ́ ẹ sì rí i pé wáyà yín ń gba dátà, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé cháàjì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó wá ku ooru. Ibí ni gbogbo wọn ti ń bà á jẹ́, torí náà ẹ fara balẹ̀.

Bó ṣe máa ń rí nìyí: NEPA á mú iná lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, ariwo ẹ̀ á máa dí wọn lọ́wọ́, ni wọ́n á bá ti fèrèsé ti ilẹ̀kùn, èèyàn mẹ́rin nínú yàrá kan, PS ń gbóná, TV ń gbóná. Kò ní í pẹ́ tí òógùn á bo ọwọ́, àtàǹpàkò á máa yọ̀ lórí pádì. Wọ́n á wá gbé fáànù kọjú sí ojú wọn tààrà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tẹjú mọ́ TV kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú, ojú á gbẹ, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà gan-an ni wọ́n á máa fọwọ́ ra ojú.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé, ó kéré tán mítà 6, kẹ́ ẹ kọ ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ sí ibi tí fèrèsé ò sí. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ o, kì í ṣe kíṣìnì, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rù olè ń bà yín. Carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ̀fọ́rí àti òòyì ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀, onígéèmù á sì rò pé TV tóun wò pẹ́ jù ló fà á. Tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá, gbogbo yín ẹ jáde síta kíá, géèmù lè dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra. Ẹ̀gbẹ́ ni kí fáànù wà, kó máa fẹ́ sí ọwọ́ àti àyà. Tẹ́ ẹ bá ní méjì, ẹ kọ ìkejì síta kó máa lé ooru jáde. Aṣọ tútù tí wọ́n ń so sójú fèrèsé yẹn, ìgbà ọyẹ́ ló wúlò, tó bá ti di àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ Ifẹ̀ ti kún fún omi, aṣọ ò ní í gbẹ, ooru ò ní í lọ. Pọ́dà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sọ́wọ́, inú pádì ló ń wọ̀ lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ gbé áńkáṣíìfù sórí itan, bọ́ọ̀lù bá ti jáde ẹ nu ọwọ́.

Láàárọ̀ ọyẹ́, òdì kejì ni, ìka á le gan-an. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òrí para, alẹ́ àná ni.

Ariwo ò tó nǹkan tá à ń tilẹ̀kùn mọ́ra sí, ibi ìdíje gan-an ariwo ni, ẹ jẹ́ kí àwọn àbúrò yín máa pariwo nígbà míì tẹ́ ẹ bá ń ta á.

Ẹ sùn tó wákàtí 7. Ẹni tó bá mu kọfí tàbí energy drink nírọ̀lẹ́, bíi ìdajì caffeine inú ẹ̀ ṣì máa wà lára lẹ́yìn wákàtí 5, oorun wo ló fẹ́ sùn? Ẹ̀yin ará Iléṣà, mo mọ̀ pé iyán ò ṣeé fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dá a dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ta á tán, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ti tó láàárọ̀. Ní ìṣẹ́jú 20 síra, ẹ wo ìta, nǹkan tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, fún sẹ́kọ́ǹdì 20.

Lọ́jọ́ náà, ẹ mú pádì yín, wáyà yín, áńkáṣíìfù àti omi dání. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ yẹ Game Mode wò. Tí onítọ̀hún bá ní ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù òun, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún frẹ́ńdílì kan, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi jẹ góòlù, kọ́wọ́ yín lè mọ bí TV yẹn ṣe ń pẹ́ sí ni.