Bí mo ṣe ń yẹ error message wò kí n tó fọwọ́ sí i
Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan yí error message kan (ọ̀rọ̀ tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé nǹkan kò lọ dáadáa) padà láti "file not found" sí "file does not exist". Mo kà á, ó dùn létí, mo fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ mọ́, iṣẹ́ òru kò tíì parí. Script kan (ètò kékeré) ló ń ṣọ́ "not found" nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) kó tó tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kò rí i mọ́, ló bá dúró gbagidi.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe tuntun. `git grep -nF "not found"` ni mo ń lò, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú kóòdù. Ẹ má fi gbogbo gbólóhùn wá a, torí àwọn tó ń kọ test (kóòdù tó ń dán kóòdù wò) máa ń gé e kúrú. Bí ẹ bá rí ibi tí kóòdù ti ń fi ọ̀rọ̀ dá error mọ̀, ẹ dá àyípadà náà dúró ná. Irú error náà ni kí wọ́n máa wò, bí `errors.Is` ti ń ṣe ní Go, èdè ìkọ̀wé kóòdù kan. Script àti alert (ìkìlọ̀) tó wà níta repo (àpò tí kóòdù wa wà), grep kò lè rí wọn. Ẹ bi àwọn tó ń ṣọ́ server.

Iṣẹ́ gan-an wá kù: ẹ ka gbólóhùn náà níbi gbogbo tí wọ́n ti ń pè é. "Check your password and try again" bá ẹni tó ń wọlé mu. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ òru náà bá ń lò ó, ta ló wà níbẹ̀ tí yóò tún un gbìyànjú? Mo ti ní kí wọ́n pín irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí méjì rí, wọ́n ní mo ń ṣe àṣejù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní Go, lẹ́tà kékeré la fi ń bẹ̀rẹ̀ error, a kì í sì fi àmì ìdánudúró parí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ mìíràn á ṣì so mọ́ ọn.

Ẹ ka `%s` àti `%d` (àyè tí ètò ti ń fi ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà sínú gbólóhùn): ṣé wọ́n pé, ṣé wọ́n ṣì tò bó ṣe yẹ?

Bí gettext (irinṣẹ́ tó ń tú gbólóhùn ètò sí èdè mìíràn) bá wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidi. Gbólóhùn àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń wá ìtumọ̀. Ẹ yí kọ́mà kan péré, bí wọ́n bá tún fáìlì ìtumọ̀ ṣe, ìtumọ̀ náà á di fuzzy (èyí tí kò dájú mọ́), msgfmt, tó ń ṣètò fáìlì ìtumọ̀ fún lílò, á sì fò ó. Ẹni tó ń ka Faransé lánàá á bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé.

"No such user" lójú ìwọlé? Mi ò ní gbà á. Ó ń sọ orúkọ tó wà fún olè.

Script ọjọ́ yẹn, exit status (nọ́ńbà tí ètò fi ń sọ bó ṣe parí) ló ń wò báyìí.