Ẹrù Ló Ń Sọ Jíà: Bí Mo Ṣe Ń Wa Píkọ́ọ̀pù Mánúà àti Ọ̀tòmátíìkì

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n di ẹrù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù fún mi, mo gbà pé mo ti mọ mọ́tò wà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wa mọ́tò kékeré. Àpò sìmẹ́ńtì 20 ni wọ́n kó sẹ́yìn, àpò kan sì jẹ́ 50 kílò. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, pẹ́dà ẹsẹ̀ òsì tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà, mo fi sí jíà kejì bí mo ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀yìn bá ṣófo, mo tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú. Mo tún un ṣe, ó tún kú. Bàbá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò pariwo. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mọ́tò àná lo rò pé ò ń wà ni? Wo ẹ̀yìn." Mo wo ẹ̀yìn. "Ẹrù yẹn ló máa sọ jíà tó o máa lò."

Ọdún 19 nìyẹn. Mo fi 11 nínú rẹ̀ wa mánúà, èyí tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀; orí ọ̀tòmátíìkì, tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ni mo sì wà láti ìgbà náà. Lórí mánúà, bí mo bá ṣe àṣìṣe, ẹ́ńjìnnì á kú tàbí kó ké lójú ẹsẹ̀. Ọ̀tòmátíìkì kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò máa gbóná lábẹ́lẹ̀ ni, ẹni tó ń wà á ò sì ní fura. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé méjèèjì pọ̀, láti ìgbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ títí a ó fi pa mọ́tò.

Kí mọ́tò tó gbéra

Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí orúnkún yín ṣì ká díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti nà tán kó tó débẹ̀, jíà á máa ké ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yí i, nítorí kílọ́ọ̀ṣì kò já tán. Èmi ò ga. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi rò pé jíà ló bàjẹ́, kí n tó fa ìjókòó síwájú.

Fún mánúà, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀pá jíà wà ní fíríì, níbi tí kò ti sí nínú jíà kankan, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní kò tiẹ̀ ní dáhùn bí ẹ ò bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Fún ọ̀tòmátíìkì, orí P (ibi tí a ń fi í sí tí mọ́tò bá dúró) ni ọ̀pá máa wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí bíréèkì; nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, láìtẹ bíréèkì, ọ̀pá náà ò ní kúrò ní P. Ẹsẹ̀ òsì ò níṣẹ́ kankan nínú ọ̀tòmátíìkì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó sinmi. Mo tẹnu mọ́ èyí fún ẹni tó ti orí mánúà bọ̀: bí ọwọ́ yín bá lọ síbi jíà, ẹsẹ̀ òsì á fẹ́ wá kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì ni yóò sì bá. Mọ́tò á dúró gbọ̀ngbọ̀n, ẹrù á sì wọ́ síwájú.

R ni rìfáàsì, N ni fíríì, D sì ni ti síwájú. Lẹ́yìn D, ẹ ó rí 2 àti L, tàbí S, tàbí M tó ní àmì + àti −. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ra píkọ́ọ̀pù tí wọn ò fọwọ́ kan àwọn tó wà lẹ́yìn D yìí rí. Àwọn gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Gbígbéra

Ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ lórí mánúà. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sí èèyàn. Ẹ fi sí jíà kìíní, ẹ má tẹ tírótù, pẹ́dà tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná, rárá. Ẹ máa tú ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Ẹ ó gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀, mọ́tò á sì fẹ́ rìn. Ẹ dá ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ padà. Ìgbà 20 ni bàbá yẹn ní kí n ṣe é kó tó gbà kí n kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ló di ẹrù sẹ́yìn, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń mú ò yí padà, àmọ́ ó ní láti gba iná díẹ̀ kí ẹsẹ̀ òsì tó kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì á kú.

Tí ẹrù bá wà, jíà kìíní ni, kò sí àríyànjiyàn. Tí ẹ̀yìn bá ṣófo tí ilẹ̀ sì ń yọ̀, ẹ lè fi jíà kejì gbéra: táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ẹ̀yìn náà ló sì fúyẹ́ jù, nítorí náà agbára jíà kìíní á kàn mú táyà yí lójú kan ni. Àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ní jíà mẹ́rin wà tí kìíní wọn lọ́ra bí ìgbín. Ẹrù ńlá àti òkè ni wọ́n ṣe é fún. Lójú ọ̀nà lásán, jíà kejì ni wọ́n fi ń gbéra.

Lórí ọ̀tòmátíìkì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fà á sí D, ẹ dúró kí ẹ mọ̀ ọ́n lára pé jíà ti wọlé kí ẹ tó tú bíréèkì. Mọ́tò á máa rìn fúnra rẹ̀ láìtẹ tírótù. Ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú jíábọ́ọ̀sì níbẹ̀, kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kì í fi í kú tí ẹ bá dúró sórí D. Ọ́ìlì ni Hydra-Matic náà lò, ìyẹn jíábọ́ọ̀sì ọ̀tòmátíìkì tí ilé iṣẹ́ mọ́tò Oldsmobile fi sínú mọ́tò ọdún 1940 ní Amẹ́ríkà.

Òkè gígùn

Bí ẹ bá dúró lójú òkè pẹ̀lú mánúà, háńbíréèkì ni kó dì yín mú. Ẹ fi sí jíà kìíní, ẹ fún un níná díẹ̀, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì títí á fi mú, tí ẹ máa rí i pé mọ́tò ń fà mọ́ háńbíréèkì bí ajá tó ń fa okùn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tú háńbíréèkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ tẹ̀ dé ìdajì di mọ́tò mú lójú òkè. Ẹrù tọ́ọ̀nù kan á jó kílọ́ọ̀ṣì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe fi tírótù di ọ̀tòmátíìkì mú lójú òkè. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ni yóò máa sè. Bíréèkì ni kí ẹ lò.

Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lágbára kí ẹ tó gòkè jíà. Dísẹ́ẹ̀lì lè gba jíà tó kàn nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan bá wà láàárín 2,000 sí 2,500. Ti pẹtiróòlù, mo máa ń jẹ́ kó tó 2,500 sí 3,000. Tó bá ń gbọ̀n tó ń sọ "gbì-gbì-gbì", jíà ti ga jù fún ẹrù náà. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíákíá, ẹ má dúró kó bẹ̀ yín.

Ọ̀tòmátíìkì ní tirẹ̀ a máa ṣiyèméjì lójú òkè: á gòkè jíà, kò ní lágbára, á sọ̀kalẹ̀, á tún gòkè. Àyípoyípo yẹn ló ń gbóná jù. Bí ẹ bá rí bọ́tìnì O/D OFF, tí kì í jẹ́ kó bọ́ sí jíà tó ga jù, tàbí èyí tí wọ́n kọ TOW/HAUL sí, tó wà fún ẹrù, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè. Bí kò bá sí bọ́tìnì, ẹ fi M tàbí S mú jíà kan dání.

Sísọ̀kalẹ̀ òkè

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bọ́ sórí ọ̀tòmátíìkì, mo kó táìsì ilẹ̀ kún ẹ̀yìn dé ìwọ̀n tó lè gbé, mo sì ń sọ̀kalẹ̀ òkè kan tó gùn. Orí D ni mo wà. Eré ń pọ̀ sí i, mo tẹ bíréèkì, mi ò tú u sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé àárín òkè, ibẹ̀ ni òórùn gbígbóná ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo tẹ bíréèkì sí i. Ó le gírígírí lábẹ́ ẹsẹ̀, mọ́tò ò sì dín eré kù mọ́. Ojú mi ṣú. Ohun tó gbà mí ni pé ọwọ́ rántí ohun tí ó ti máa ń ṣe lórí mánúà. Mo fa ọ̀pá láti D sí 2. Ẹ́ńjìnnì ké tòò, abẹ́rẹ́ fò sókè, eré sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ tẹ́, mo dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan. Mi ò da omi sórí bíréèkì, nítorí irin tó gbóná bẹ́ẹ̀ lè sán bí omi tútù bá bà á.

Láti ọjọ́ náà, orí òkè ni mo ti ń yan jíà, kí imú mọ́tò tó dojú kọ ìsàlẹ̀. Jíà tí ẹ máa nílò láti gun òkè náà ni ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Bí eré bá ṣì ń pọ̀, ẹ tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì á ké díẹ̀. Kó máa ké, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dé ibi pupa. Bíréèkì ní tirẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí eré wálẹ̀, kí ẹ sì tú u kó lè fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìtú u sílẹ̀ bí mo ṣe ṣe.

Àwọn kan máa ń fi mọ́tò sí fíríì lójú ìsàlẹ̀, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú epo. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì òde òní, bí mọ́tò bá wà nínú jíà tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tírótù, ẹ́ńjìnnì máa ń pa epo dé fúnra rẹ̀, nítorí táyà ló ń yí i. Bó bá wà ní fíríì, ó tún ní láti mu epo kó má baà kú, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń fa ẹrù yín sẹ́yìn mọ́ àfi bíréèkì nìkan.

Rìfáàsì, ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì

Kí mọ́tò dúró pátápátá kí ẹ tó wọ rìfáàsì, ìbáà jẹ́ mánúà tàbí ọ̀tòmátíìkì. Bí rìfáàsì mánúà bá kọ̀ tó ń ké "kẹrẹrẹ", ẹ kọ́kọ́ fi sí jíà kan níwájú, kí ẹ tó fà á wá sí rìfáàsì. Ó sábà máa ń wọlé. Lórí àwọn kan, ẹ ní láti tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ gbé òrùka ara rẹ̀ sókè.

Bí píkọ́ọ̀pù yín bá ní 4H àti 4L tí ẹ ń fọwọ́ yàn, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (4L ló lọ́ra jù, tó sì lágbára jù), orí ilẹ̀ tó ń yọ̀ nìkan ni kí ẹ ti lò wọ́n. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ò rin ìwọ̀n kan náà tí ẹ bá ń yà, wọ́n á sì máa fa ara wọn títí nǹkan á fi ṣẹ́. Ẹ dúró kí ẹ tó wọ 4L. Kí ọ̀tòmátíìkì wà ní N, kí ẹ sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó bá jẹ́ mánúà. Bí ẹ bá há sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tòmátíìkì, ẹ lè fi D àti R mì í síwá-sẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún. Tí kò bá jáde, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ wá ṣọ́bìrì.

Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ọ̀tòmátíìkì ló máa ń pupa nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun. Bó bá ti di bí omi ẹlẹ́bọ́tọ̀, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tún di ẹrù. Bí bátìrì bá kú, a lè ti mánúà kó jí lórí jíà kejì, ṣùgbọ́n ọ̀tòmátíìkì kì í jí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ̀tòmátíìkì lọ nígbà tí táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí bá wà nílẹ̀: ẹ́ńjìnnì ló ń tú ọ́ìlì káàkiri inú jíábọ́ọ̀sì, bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú, ńṣe ni irin á máa ha irin.

Pípa mọ́tò

Nínú ọ̀tòmátíìkì, P kì í ṣe bíréèkì. Eyín irin kékeré kan ló ń bọ́ sáàárín eyín jíà nínú jíábọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá kàn fi P sílẹ̀ lójú òkè tí ẹrù wà lẹ́yìn, eyín kékeré yẹn ló máa gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sí N, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ tú bíréèkì kí mọ́tò jókòó sórí háńbíréèkì, lẹ́yìn náà ẹ tẹ bíréèkì padà kí ẹ tó fi sí P. Lórí mánúà, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí jíà kìíní bí imú bá dojú kọ òkè, rìfáàsì bó bá dojú kọ ìsàlẹ̀.

Tí ẹrù bá ṣì wà lẹ́yìn, mo máa ń fi òkúta tàbí igi gbá táyà. Nígbà tí ẹ bá padà wá tí ẹ dá wà, ẹ kọ́kọ́ gun mọ́tò, ẹ wà á kúrò lára òkúta díẹ̀ sí apá òkè, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi sí P tàbí jíà, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lọ gbé òkúta náà. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti nawọ́ mú un, ẹ má dúró sí ìsàlẹ̀ táyà.