Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń sọ SVG di PNG nínú Python

Oníbàárà kan ní kí n fi lógò òun ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára báàgì tí wọn yóò pín lóde. Fáìlì SVG ni lógò náà. Mo fi CairoSVG, ohun èlò Python kan, sọ ọ́ di PNG, ìyẹn àwòrán tí a fi píksẹ́lì (àmì àwọ̀ kéékèèké) tò jọ, mo fi ránṣẹ́, mo bá tèmi lọ. Kò pẹ́ tí atẹ̀wé fi pè mí: “Ọ̀gá, ṣé èyí lẹ fẹ́ ká tẹ̀? Kò tó èékánná o.” Ìgbà tí mo wo fáìlì náà, píksẹ́lì 24 ní fífẹ̀, 24 ní gíga.

Ẹ̀bi tèmi ni. SVG kì í ṣe àwòrán bíi fọ́tò. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀: fa ìlà láti ibí dé ọ̀hún, fi àwọ̀ báyìí kùn ún. Bí ẹ kò bá sọ iye píksẹ́lì tí ẹ fẹ́, ìwọ̀n tí CairoSVG bá bá nínú fáìlì ni yóò lò. Tèmi ò ní width (fífẹ̀), kò ní height (gíga), àfi viewBox="0 0 24 24", ìyẹn àyè tí àwòrán wà: 24 ní fífẹ̀, 24 ní gíga.

Èyí tí mo ṣe tẹ̀ lé e ló burú jù. Mo mú PNG kékeré yẹn, mo fi Pillow, ohun èlò Python fún àwòrán, fẹ̀ ẹ́ dé píksẹ́lì 3000. Ó fẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ etí rẹ̀ rí bàìbàì bí ohun tí èèyàn ń wò nísàlẹ̀ omi. Píksẹ́lì tí kò sí níbẹ̀ látilẹ̀, ṣe ni Pillow kàn ń méfò wọn. Ojú SVG gan-an ni kí ẹ ti béèrè ìwọ̀n:

cairosvg.svg2png(url="logo.svg", write_to="logo.png", output_width=3000)

Ẹ fi fífẹ̀ nìkan sí i, gíga yóò tẹ̀ lé e. Ínṣì 10 ni lógò náà lára báàgì, píksẹ́lì 300 sí ínṣì kan. Ibẹ̀ ni 3000 ti wá.

“Mo ti kọ dpi=300, kò sì yí padà!” Mo máa ń gbọ́ eléyìí dáadáa. Iye píksẹ́lì nínú ínṣì kan ni dpi. Nínú CairoSVG, ohun tí a fi mm, cm, pt, pc tàbí in (ínṣì) wọ̀n nìkan ni dpi kàn. Bó bá jẹ́ px (píksẹ́lì) ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, dpi ò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Ti ImageMagick, ohun èlò mìíràn tí ń yí àwòrán padà, yàtọ̀: -density, tó dà bíi dpi, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ ṣáájú orúkọ SVG. Bó bá gbẹ̀yìn, wọ́n ti ya àwòrán tán kó tó dé.

Ẹ má fi Image.open ṣí SVG nínú Pillow. Kò mọ̀ ọ́n rárá. UnidentifiedImageError ni yóò fi dá yín lóhùn.

JPEG ńkọ́? Kò gba ibi tí kò ní àwọ̀. Pillow yóò kọ̀: “cannot write mode RGBA as JPEG”. Ọ̀pọ̀ á sáré kọ .convert("RGB"), ó sì máa gbà, àmọ́ ẹ̀yìn lógò á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ kọ background_color="white" sínú svg2png ná.

Bí SVG bá ti ọwọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ wá, ẹ má kọ unsafe=True sínú svg2png. Fáìlì bẹ́ẹ̀ lè ka ohun tó wà lórí sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò yín ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì ló máa ń dùn mí jù, torí èdè wa ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Fọ́ǹtì tó wà lórí láptọ̀ọ̀pù yín lè máà sí lórí sáfà, kí “ẹ̀kọ́” di àpótí òfìfo. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní ẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, àmọ́ kò ní ẹ́ ní odidi, àmì ohùn dá dúró lẹ́yìn lẹ́tà. CairoSVG ń to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àmì lè yẹ̀ kúrò lórí ẹni tó ni ín. rsvg-convert, ohun èlò mìíràn tí ń sọ SVG di PNG, ń lo Pango, ètò tí ń to ọ̀rọ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ka lẹ́tà. Bí ẹ ò bá lè pààrọ̀, ẹ lo “Object to Path” nínú Inkscape, ètò tí a fi ń ya SVG, kí ọ̀rọ̀ di ìlà, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀dà tó ṣì ní ọ̀rọ̀ pamọ́, torí ẹ ò ní lè tún un kọ mọ́.

Ẹ ṣe fc-list lórí sáfà, kí ẹ rí fọ́ǹtì tó wà níbẹ̀. Kí ẹ wá kọ “ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́” sínú SVG kékeré kan, kí ẹ sọ ọ́ di PNG lórí sáfà yẹn gan-an, kí ẹ sì ka àmì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: mẹ́rin ló yẹ kó wà lókè.