Íápíìsì Kékeré Tí Ò Ní Wáyà: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Lò Ó Tí Ò Fi Ní Sọnù, àti Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Wá A Tó Bá Ti Sọnù

Íápíìsì kékeré tí ò ní wáyà yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 4 sí 6 lọ, ohun tó jẹ́ kó dùn ún lò náà ló jẹ́ kó rọrùn láti sọ nù. Tí onwáyà bá bọ́ létí, wáyà ẹ̀ á dì í mú, á kàn máa fì dirodiro láyà yín ni. Èyí ò ní ohun tó máa dì í mú. Tó bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Àwọn kan á ní "èmi kẹ̀, mi ò lè ra nǹkan tó kéré tóyẹn, ọjọ́ kejì ni màá sọ ọ́ nù". Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, èyí tó bá etí mu kì í sábà sọnù létí, kì í sì í sábà sọnù nínú kéèsì ẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n ń kó o sí, àárín méjèèjì ló ti ń sọnù: lórí tábìlì, nínú àpò ṣòkòtò, lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú ọwọ́ ẹni tó yọ ọ́ kó lè dá ẹnì kan lóhùn, tó wá gbàgbé pé òun mú nǹkan dání. Nítorí náà òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ibi méjì péré ni kí íápíìsì máa gbé, etí tàbí kéèsì. Kò sí ibì kẹta.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ rà á?

Ká sòótọ́, nǹkan náà dáa. Fóònù lè wà níbi tó ti ń gba ṣáájì kẹ́ ẹ máa fọ abọ́ ní yàrá kejì, tí ò bá ti ju bíi mítà 10 lọ tí ògiri ò sì nípọn jù, orin ò ní já. Wáyà ò ní há sọ́wọ́ ilẹ̀kùn, kò ní ta kókó nínú báàgì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣeé lo ẹyọ kan, kẹ́ ẹ fi etí kan gbọ́ orin kẹ́ ẹ fi èkejì gbọ́ mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Kéèsì ẹ̀ ló tún ń ṣáàjì ẹ̀, íápíìsì nìkan lè gbé tó bíi wákàtí 5, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń dá a padà sínú kéèsì láàárín ìgbà tẹ́ ò lò ó, ọ̀pọ̀ á tó wákàtí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó ki kéèsì bọ iná. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní yíyàn mọ́, láti ọdún 2016 tí Apple ti yọ ihò íápíìsì kúrò lára iPhone 7, tí AirPods, íápíìsì tiwọn tí ò ní wáyà, sì jáde ní December ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ míì ló ti tẹ̀ lé wọn, ẹ ra fóònù tuntun ẹ ò rí ihò lára ẹ̀.

Tó bá wá di ti àléébù, sísọnù nìkan kọ́. Bátìrì inú ẹ̀ kékeré gan-an, lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta ó máa ń rẹ̀ ẹ́, èyí tó ń gbé wákàtí 5 tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní wákàtí méjì, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa, kò rọrùn láti pààrọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbá géèmù, ohùn máa ń rìn lẹ́yìn àwòrán díẹ̀, ó ń múnú bí èèyàn. Ti kí èèyàn yí i sókè jù náà tún wà ńbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ rò ni pé kéèsì tó sọnù burú ju íápíìsì kan tó sọnù lọ, torí tí íápíìsì kan bá lọ ẹ ṣì ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí kéèsì bá lọ, méjèèjì ò ní ibi tí wọ́n á ti gba ṣáájì mọ́, tí bátìrì bá ti tán wọ́n ti di nǹkan ìṣeré nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri lójoojúmọ́, tàbí tíṣẹ́ yín jẹ́ èyí tó ń mú yín yọ ọ́ kẹ́ ẹ sì tún ki í bọ̀ nígbà gbogbo, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ ra èyí tó ní okùn tó gba ẹ̀yìn ọrùn. Kò gbajúmọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ létí, ọrùn ló máa wà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń jókòó sétí. Ọ̀pọ̀ máa ń ní rọ́bà orí oríṣi mẹ́ta, kékeré, àárín, ńlá, àwọn èèyàn á kàn lo èyí tó wà lórí ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, wọn ò ní dán méjì tó kù wò. Ẹ dán an wò jàre. Etí ọ̀tún àti tòsì lè má dọ́gba, kò sí ohun tó burú tẹ́ ẹ bá lo àárín lápá kan kẹ́ ẹ lo kékeré lápá kejì. Tẹ́ ẹ bá ti ki í bọ̀, ẹ má kàn mi orí nìkan, ẹ ya ẹnu gbàgà, ẹ ṣe bí ẹni ń jẹun, torí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń ti íápíìsì jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń jẹ nǹkan. Tí rọ́bà bá ṣì ń yọ̀, rọ́bà fóòmù tún wà, ó máa ń wú nínú etí, ó sì máa ń dì í mú ju rọ́bà lásán lọ.

Ẹ tún wò ó bóyá ó máa ń dá orin dúró fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ létí. Àwọn kan máa ń pa ibẹ̀ yẹn torí ó máa ń dá orin dúró nígbà tí ò yẹ, ẹ̀yin ẹ fi sílẹ̀, torí ohun tó máa ta yín lólobó pé nǹkan ti bọ́ nìyẹn, kẹ́ ẹ tó rìn jìnnà.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ béèrè bóyá ó ṣeé fi áàpù wá lórí fóònù: Find My ti Apple, SmartThings Find ti Samsung, Find Hub ti Google. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè dún lọ́tọ̀, ṣé kéèsì náà lè dún, torí ọ̀pọ̀ kéèsì ò ní sípíkà. AirPods Pro kejì tó jáde lọ́dún 2022 ní i. Ẹ sì béèrè bóyá ilé iṣẹ́ yẹn máa ń ta ẹyọ kan, Apple ń tà á, ọ̀pọ̀ ò kí ń tà á. Ní ti àwọ̀, dúdú rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ẹ wá a lábẹ́ àga mọ́tò lálẹ́ kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rà á náà ni kẹ́ ẹ ti so ó mọ́ áàpù yẹn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń dún, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà wínníwínní tó wà lára ẹ̀ àti nínú ìdérí kéèsì. Lẹ́yìn tó bá ti sọnù, ẹ̀pa ò bóró mọ́, kò sí áàpù tó lè wá ohun tí wọn ò so mọ́ ọn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọ́

Kéèsì ni kó kọ́kọ́ jáde nínú àpò, kì í ṣe íápíìsì ni kó kọ́kọ́ kúrò létí. Ẹ ṣí kéèsì, ẹ gbé e sábẹ́ àgbọ̀n yín lápá etí tẹ́ ẹ fẹ́ yọ, ẹ wá fi ìka méjì di íápíìsì mú níbi tó nípọn, ẹ yí i díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á, tó bá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́, inú kéèsì tàbí àyà yín ló máa bọ́ sí. Òòfà inú kéèsì á fà á, ẹ máa gbọ́ "tẹ̀". Tẹ́ ò bá gbọ́ "tẹ̀", kò tíì wọlé. Ẹ pa ìdérí dé.

Ẹ má yọ ọ́ lórí gọ́tà, ẹ má yọ ọ́ níbi ṣálángá tàbí wọ́ọ̀tà kọ́lọ́sẹ́ẹ̀tì, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, fìlà, ìborí, ẹ̀límẹ́ẹ̀tì tàbí ìbòmú, íápíìsì ni kó kọ́kọ́ kúrò létí, okùn ìbòmú yẹn gan-an ọ̀tá íápíìsì ni, bó ṣe ń kúrò lẹ́yìn etí ló ń gbá a dànù. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu etí àti rọ́bà náà tẹ́ ẹ bá làágùn tàbí tẹ́ ẹ fi ìpara, òróró ló máa ń jẹ́ kó yọ̀.

Ó ti bọ́, ẹ ò rí i

Ẹ dúró lójú kan. Ẹsẹ̀ yín tàbí ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló máa tẹ̀ ẹ́ fọ́, tàbí kó ta á sábẹ́ nǹkan. Ẹ yọ èyí tó kù létí kẹ́ ẹ tó tẹ ibi tó máa mú kó dún nínú áàpù, torí ariwo yẹn lè ṣe etí léṣe. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa fáànù, ẹ ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, torí ohùn ẹ̀ tín-ín-rín, tó bá wà lábẹ́ tìmùtìmù ẹ lè má gbọ́ ọ títí ẹ fi máa fi etí lé e. Ẹ má sì fi falẹ̀, bátìrì ẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ níbi tó wà, tó bá kú kò ní dún mọ́. Èyí tó bá wà nínú kéèsì tí wọ́n pa dé kì í sábà dún náà.

Máàpù tó wà nínú áàpù lè ṣi yín lọ́nà. Ibi tí fóònù yín ti rí i kẹ́yìn ló sábà máa ń fi hàn, kì í ṣe pé ó ṣì wà níbẹ̀ dandan. Tó bá lọ fi ilé ẹnì kan tẹ́ ò mọ̀ hàn, ẹ má dá lọ kanlẹ̀kùn o, ẹ gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Tí kò bá lè dún àmọ́ tí bátìrì ò tíì kú, áàpù tó ń ka agbára Bluetooth wà, á máa fi nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú hàn yín, -90 jìnnà, -50 ti ń sún mọ́ ọn. Ẹ rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró kí nọ́ńbà náà yí padà kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ míì. Ẹ lè lo ara yín náà, torí omi ara èèyàn máa ń dí Bluetooth lọ́nà: ẹ fi fóònù mọ́ àyà, ẹ máa yí padà lójú kan, apá ibi tẹ́ ẹ kọjú sí nígbà tí nọ́ńbà yẹn dára jù, apá ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kó wà.

Tó bá ti kú pátápátá, ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù lé ilẹ̀ pẹrẹsẹ kó tàn lọ gbọọrọ, nǹkan tó kéré jù lọ lórí ilẹ̀ á ní òjìji gígùn. Ó rí róbótó, nítorí náà ẹ má wá a níbi tó bọ́ sí nìkan, ẹ wá dé ìdí ògiri, abẹ́ fíríìjì, inú bàtà. Ẹ tú aṣọ ọrùn yín wò, ẹ wo inú irun, ẹ wo inú bùrẹ́síà, ibẹ̀ ló máa ń wà tí gbogbo ilé á fi dojú dé. Fún abẹ́ àga tọ́wọ́ ò dé, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ fífẹ́lẹ́ bo ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, ẹ so ó pẹ̀lú rọ́bà, á fà á mọ́ra láìgbé e mì. Tó bá wà nínú ihò, òòfà tẹ́ ẹ so mọ́ okùn lè gbé e, torí òòfà wà nínú sípíkà ẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí kò gba agídí. Tó bá bọ́ sí àárín àga ọkọ̀ òfuurufú, ẹ má yí àga náà rárá, bátìrì tó bá rún lè gbiná, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀. Tó bá bọ́ sójú irin, ẹ má sọ̀ kalẹ̀, ẹ pe àwọn tó wà ní stéṣọ̀n. Tó bá lọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa fún ó kéré tán ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó dá a padà sínú kéèsì, ẹ má rì í sínú ìrẹsì, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ iná sí i. Tọ́mọdé bá gbé e mì, ọsibítù ni kíá.

Tẹ́ ò bá rí i mọ́

Ẹ̀yọ kan tó kù ṣì wúlò. Nínú sẹ́tíńgì fóònù, níbi tí wọ́n kó ìrànwọ́ etí àti ojú sí, ẹ wá "mono audio", ẹ tàn án, ohùn ọ̀tún àti tòsì á jọ wọ etí kan, ẹ ò ní pàdánù ìdajì orin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹyọ kan tuntun, nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti èyí tó kù mu, ìran kejì àti ìkẹta kì í bára wọn ṣiṣẹ́ bí ojú ẹ̀ tiẹ̀ jọra. Ẹ kó méjèèjì sínú kéèsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ṣáájì, ẹ wá tún wọn so láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ AirPods ẹ máa di bọ́tìnì ẹ̀yìn kéèsì mú fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 15 títí iná ẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ rà, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó tà á yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì ẹ̀ lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó sọnù lọ́wọ́ yín, ẹ má tíì yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì tiyín o, tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, máàpù ò ní lè fi hàn yín mọ́ bí ẹnì kan bá tiẹ̀ wá tàn án.