Orúnkún Ló Ń Ro Yín, Itan Ni Kí Ẹ Tọ́jú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń dín àkàrà ní Kúbwà, ní Àbújá. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń jókòó lórí àpótí kúkúrú nídìí agbada òróró, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ká kò bíi ti ẹni tó lóṣòó. Tó bá fẹ́ dìde, á di ògiri mú, á ní "yéè!" Àwọn kan ní kó máa fi òrí pa á. Àwọn kan ní kó yé rìn. Ìmọ̀ràn kejì yìí ló burú jù. Ẹsẹ̀ tí a kò lò, iṣan itan tó ń gbé orúnkún ró á rù, ẹrù ara á wá bọ́ sórí oríkèé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí orúnkún bá wú, tó gbóná, tí ibà sì bá a wá, tàbí tí ẹ ṣubú tí ẹ kò lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Fún ará Àbújá, ti yunifásítì wà ní Gwagwalada. Ará Kánò ní ilé ìwòsàn egungun ti Dala.

Bí kò bá sí èyí, ẹ jókòó sórí ẹní, kí ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ ká táwẹ̀lì, kí ẹ fi sábẹ́ orúnkún tó ń dùn yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ fún omi inú rẹ̀ jáde. Ẹ fọwọ́ kan itan lókè orúnkún: ó gbọ́dọ̀ le bí iṣu tútù. Ẹ ka 5, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ìgbà 10 láàárọ̀, 10 lálẹ́. Ẹ má sé èémí o. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń fi ìdí tì í, itan rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, àfìgbà tí físíò, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Tí èyí bá ti mọ́ yín lára, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ tó yá, kí ẹ gbé èyí tó ń dùn sókè ní nínà títí yóò fi bá orúnkún kejì dọ́gba. Ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìgbà 10.

Lẹ́yìn náà ló kan àga. Ẹ fi ìrọ̀rí sórí rẹ̀ kó ga díẹ̀, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹ dìde láìdi nǹkan mú. Ẹ wá jókòó padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìjókòó yẹn gan-an niṣẹ́. Ẹ má já ara yín lulẹ̀ gbì.

Ó lè ta yín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá pọ̀ sí i títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì. Fún orúnkún tó wú díẹ̀, ẹ fi aṣọ wé píọ̀ wọ́tà tó ti dì, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15. Tó bá kàn gan lówùúrọ̀ ọyẹ́, táwẹ̀lì olómi gbígbóná ló yẹ ẹ́.

Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ títì Kúbwà, ẹsẹ̀ tó yá ló ń ṣáájú gòkè, èyí tó ń dùn ló ń ṣáájú sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni ọ̀pá ìtìlẹ̀ ń wà. Ẹni tó bá sanra, kílò 1 tó bá já, bíi kílò 4 ló kúrò lórí orúnkún níṣìísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí itan tó lágbára.

Bẹ́ǹṣì gíga ni ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó lé báyìí. Àpótí yẹn ṣì wà nídìí agbada, kẹ́ẹ̀gì òróró ló wà lórí rẹ̀.